Abèèrè Kì í Ṣìnà: Ìtàn Owó Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́ Gíga àti Àwọn Ìdílé Ìbàdàn, 1948 sí 2024

Àsamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpasẹ̀ ìtàn owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Ìbàdàn, láti ìgbà tí wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní 1948 títí di ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní 2024. Èrò tí ó gùn lé ni pé kì í ṣe àìsí owó nìkan ni ó ń dí ọmọ tálákà lọ́nà. Àìmọ̀ pé owó wà, àti àìrí ẹni tí yóò bá ìdílé kọ fọ́ọ̀mù, ń dí i lọ́nà pẹ̀lú. Orísun owó náà yí padà léraléra: ìjọ, ẹgbẹ́ ìlú, kòkó, epo rọ̀bì, ẹ̀yáwó. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó sún mọ́ olùkọ́ tí ó mọ ọ̀nà ni owó náà sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìparí àpilẹ̀kọ náà tọ́ka sí ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Bí ẹnì kan bá dé Ìbàdàn fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ó sì fẹ́ ti Challenge lọ sí Bódìjà, òwe yìí yóò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbàwọlé sí yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, tí kò sì mọ ibi tí yóò ti rí owó, ta ni yóò bi? Kí ni yóò tilẹ̀ béèrè, nígbà tí kò mọ̀ pé ohun kan wà tí ó ń jẹ́ bọ́sárì? Ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà wà kò lè béèrè ọ̀nà.

Ní Agbowó, títì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ilé àwọn ènìyàn àti ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn. Ìyá tí ń ta ata ní ọjà Bódìjà ń rí akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Òun ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, jíjẹ́ aládùúgbò ilé ẹ̀kọ́ gíga kò sọ ọ́ di ẹni tí ó mọ bí wọ́n ti ń wọ ibẹ̀, tàbí ẹni tí ó mọ owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ọmọ irú rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé Bódìjà kan náà, ní apá ibi tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ ilé sí fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀mọ̀wé, lè gbọ́ ìròyìn sikọ́láṣíìpù lórí tábìlì oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdílé méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni pẹ̀lú, ìmọ̀ náà sì ní ìtàn.

2. Kí Ìjọba Tó Dá sí i: Ìjọ, Ẹbí àti Ẹgbẹ́ Ìlú

Kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lórí ẹ̀kọ́ gíga, ìjọ ajíhìnrere ni ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1896; Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesley ní Ẹlẹ́kùrọ́, Ìbàdàn, tẹ̀ lé e ní 1905. Àwọn méjèèjì ń kọ́ olùkọ́. Àdéhùn tí ó wà níbẹ̀ yé tọmọdé tàgbà: ìjọ yóò kọ́ ọ, ìwọ náà yóò sì bá ìjọ ṣiṣẹ́ fún iye ọdún kan. Ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé ọ̀dọ̀ ìdílé kò lọ́jú pọ̀ rárá. Olùkọ́ tàbí katikíìsì ni ó máa ń rí ọmọ tí orí rẹ̀ pé, tí ó máa ń lọ bá bàbá rẹ̀ ní ilé, tí ó sì máa ń kọ lẹ́tà fún un. Ẹni kan náà ni ó mọ ọmọ, ni ó mọ ìdílé, ni ó sì mọ ilé ẹ̀kọ́.

Ọmọ tí kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìyà ni yóò fi ra ẹ̀kọ́. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní 1909. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó fi sanwó ilé ẹ̀kọ́ ara rẹ̀. Ó ṣe akọ̀wé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesley, ó ṣòwò, ó wọ gbèsè, ó sì gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ láìjókòó sí kíláàsì yunifásítì kankan. Ó ti di ẹni ọdún 35 ní 1944 kí ó tó rí ọ̀nà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó wá di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn náà mọ bí ó ti ń rí lára kí ọmọ ní làákàyè kí ó má sì ní olùrànlọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ ìlú ni ó tẹ̀ lé ìjọ. Láàárín ọdún 1930 sí 1950, àwọn ọmọ ìlú kan náà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó àti Ìbàdàn a máa dá owó jọ láti rán ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò fi àpẹẹrẹ ńlá lélẹ̀ nígbà tí wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà lọ kàwé ní òkè òkun ní 1938. Láàárín Yorùbá, Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945 tí wọ́n sì ṣí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948, fi sikọ́láṣíìpù sí àwọn ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pé jọ. Nínú ẹgbẹ́ ìlú, ìpàdé ni ilé ìròyìn. Ẹni tí ó bá wà ní ìpàdé ni yóò gbọ́. Ẹni tí kò bá lè san owó ẹgbẹ́, àtẹ̀gbọ́ ni tirẹ̀, nígbà tí ọwọ́ bá ti tẹ ohun tí wọ́n ń pín.

3. Owó Kòkó àti Sikọ́láṣíìpù Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, 1948 sí 1966

Ní 1948, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104. Ọdún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí ìjọba amúnisìn fi sikọ́láṣíìpù kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí yóò gba ipò ńlá nínú iṣẹ́ ìjọba. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀kọ́ gíga ti di ohun tí ìjọba fi ń wá òṣìṣẹ́. Èyí ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí, nítorí pé àwọn tí wọ́n ti sún mọ́ iṣẹ́ ìjọba tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí ìwé ìfilọ̀ kà.

Nígbà tí ìjọba Ẹgbẹ́ Action Group dé ní 1952, ọ̀rọ̀ náà gbòòrò sí i. Ní oṣù keje ọdún yẹn, S. O. Awokoya, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Ní ti ẹ̀kọ́ gíga, ìjọba Ẹkùn ń fi sikọ́láṣíìpù rán ọmọ lọ sí Ìbàdàn àti sí òkè òkun, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ní àdéhùn pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò padà wá sin Ẹkùn náà. Àṣẹ, ìwé àti owó rẹ̀ ti Sẹkitéríàtì ní Agodi jáde.

Ta ni ó sanwó náà? Lọ́nà kìíní, àwọn tí ń san owó orí ni. Owó ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ tí ìjọba bù lé aráàlú lórí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí àwọn ènìyàn nínú tó bẹ́ẹ̀ tí Action Group fi fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954. Lọ́nà kejì, àgbẹ̀ kòkó ni. Láti 1947 ni ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ó sábà máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà àgbáyé. Ní 1954, ìgbìmọ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ Ẹkùn, èrè tí ó ń ti ibẹ̀ wá sì di orísun owó ìdàgbàsókè. Ilé Kòkó tí ó dúró gangan ní Dùgbẹ̀ láti 1965 jẹ́ ẹ̀rí pé kòkó ni ó kọ́ Ìbàdàn tuntun. Bí ilé náà ti jẹ́ ti kòkó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbé kọ́ sára ògiri.

Ibí yìí ni ìbéèrè wà. Ṣé ọmọ àgbẹ̀ ni ó jẹ owó àgbẹ̀? Ní Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957, ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó dá sikọ́láṣíìpù sílẹ̀ ní 1951 fún ọmọ àwọn àgbẹ̀ kòkó gan-an. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, èsì ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni òṣùwọ̀n pàtàkì. Òṣùwọ̀n náà kò ṣe ojúsàájú lójú ara rẹ̀, nítorí kò bi ọmọ pé ta ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ ti ka ìfilọ̀ kí ó tó dé iwájú àwọn tí ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí Nigerian Tribune tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1949, àti pátákó ìfilọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ni irú ìfilọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà jáde. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní abúlé lẹ́yìn odi Ìbàdàn kò ka èyí, kò sì dé ọ̀hún. Ọmọ rẹ̀ tí ó bá rí sikọ́láṣíìpù gbà, olùkọ́ kan ni yóò ti ka ìwé ìròyìn náà fún un.

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1968 sí 1969 lábẹ́ orúkọ Àgbẹ̀kọ̀yà, owó orí àti iye tí wọ́n ń ra kòkó wà lára ohun tí ó ń dùn wọ́n. Ẹni tí ó bá ń wo ìtàn ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ gbójú fo ìyẹn. Ẹni tí ó sanwó ọjà tí kò rí ọjà gbé lọ sílé, bó pẹ́ bó yá, yóò béèrè owó rẹ̀.

4. Owó Epo, Bọ́sárì àti Ẹ̀yáwó Àkọ́kọ́, 1970 sí 1983

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì gba ipò kòkó, ìjọba àpapọ̀ sì gba ipò iwájú lọ́wọ́ ìjọba Ẹkùn. Àǹfààní pọ̀ sí i ní Ìbàdàn. Pólì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní ọgbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ lò kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ní 1972, òfin ológun dá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ọmọ tí kò bá rí sikọ́láṣíìpù lè yá owó kàwé, kí ó sì san án nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ní 1976, nígbà tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ gba ìnáwó ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kalẹ̀, nítorí pé olùkọ́ kò tó. Ní 1977, wọ́n fagi lé owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀.

Ní ìpele ìpínlẹ̀, Ọ̀yọ́ di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976. Nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele ni ìlérí kìíní tí ẹgbẹ́ náà ṣe fún aráàlú. Bọ́sárì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó mú kí ìlérí náà kan ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀rọ̀ náà, bọ́sárì, wọ ẹnu àwọn ènìyàn débi pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ ohun tí ó jẹ́.

Àkókò yìí kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan tí ó ta yọ. Nígbà tí ìrànwọ́ bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìròyìn kò níye lórí púpọ̀ mọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó nílò ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án. Olóṣèlú ń sọ ọ́ ní gbangba, rédíò ń sọ ọ́ lédè Yorùbá, ilé ẹ̀kọ́ sì ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́. Nígbà tí ìrànwọ́ bá jẹ́ ti àwọn díẹ̀, tí wọ́n sì ní láti fi ìwé béèrè fún un, ìròyìn náà di ọrọ̀ fúnra rẹ̀.

5. Ìgbà tí Owó Rọ̀, 1984 sí 2010

Ìjọba ológun tí ó dé ní ìparí 1983 yí ojú ọ̀rọ̀ padà. Ní 1984, ìjọba yọwọ́ nínú oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP mú kí agbára náírà wálẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sórí ìwé bọ́sárì lè wà bí ó ti wà, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà ti dín kù. Wọ́n dá ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ dúró ní 1992, nítorí pé ọ̀pọ̀ tí ó yá owó kò san án padà. Báńkì ẹ̀kọ́ tí òfin 1993 dá sílẹ̀ láti gba ipò rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti ìgbà yẹn títí di 2024, kò sí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tí ó dúró tí ọmọ tálákà lè gbójú lé.

Ìdílé ni ó gba ẹrù náà. Bàbá ta ilẹ̀, ìyá gba àjọ ṣáájú àkókò, ẹ̀gbọ́n dá ẹ̀kọ́ tirẹ̀ dúró kí àbúrò lè parí. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, ọmọbìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń ní kí ó dúró ná. Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní àkókò yìí, ó di pé àwọn òbí ń ta ilé kí wọ́n tó lè kọ́ ọmọ.

Ọ̀nà ìròyìn náà tún yí padà. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù káfẹ́ tò lọ bẹẹrẹ ní Agbowó, lọ́kánkán ẹnubodè yunifásítì. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, ibẹ̀ ni ó ti ń wo èsì, ibẹ̀ náà ni ó ti ń kọ fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ kúrò láàárín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà gba ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n oníkáfẹ́ kò mọ ọmọ náà rí, kò mọ ìdílé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí nígbà tí ìwé bá jáde láti inú ẹ̀rọ. Bí ó bá ṣi orúkọ ọmọ tẹ̀, ó lè tó ọdún méjì kí ọmọ náà tó mọ̀ pé àṣìṣe kékeré yẹn ni ó gba owó lọ́wọ́ òun.

6. Ọmọ Bíbí Ìpínlẹ̀ àti Àlejò: Ọ̀ràn Ring Road àti Challenge

Ìdènà kan wà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ òbí àfi nígbà tí ó bá pẹ́ jù. Ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí kan ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ń wo ìpínlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́ ọmọ bíbí. Ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí láti ìjọba ìbílẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Àdúgbò bíi Ring Road àti Challenge kún fún àwọn ìdílé tí wọ́n ti ibòmíràn wá: ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì, Ìgbò, Ùròbò, Ẹ̀bìrà. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn sùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ọ̀yọ́, wọ́n sì jí gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ọ̀ṣun. Ọmọ tí wọ́n bí ní Challenge, tí ó kàwé ní Challenge, tí kò mọ ibòmíràn, Òṣogbo tàbí Adó-Èkìtì ni yóò ti lọ béèrè bọ́sárì. Bí kò bá sí ẹni tí ó sọ fún un, yóò máa dúró dè é ní Agodi lásán, ọjọ́ ìpínlẹ̀ tirẹ̀ yóò sì ti kọjá.

Níhìn-ín ni ìlò ẹgbẹ́ ìlú ti padà wá. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ń ṣe ìpàdé ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù lè mú ìwé wá láti ilé, kí ó sì jẹ́ kí àwọn òbí mọ ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde. Ohun tí àwọn àgbà ṣe ní ọdún 1940 kò tíì gbó.

7. Ìlérí Tuntun, 2021 sí 2024

Ní Àyájọ́ Ọjọ́ Olùkọ́, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde bọ́sárì fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba: 75,000 náírà ní sáà kọ̀ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti 50,000 náírà fún akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Ìkéde yìí rán ènìyàn létí 1976. Ní ìgbà méjèèjì, àìtó olùkọ́ rere ni ó mú ìjọba rántí pé ẹni tí yóò kọ́ni nílò ìrànwọ́ kí ó tó lè kọ́ni.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀yáwó padà dé. Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Òfin àkọ́kọ́ yẹn béèrè onídùúró, ó sì fi òdiwọ̀n sí owó tí ń wọlé fún ìdílé. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n sì fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, èyí tí ó mú àwọn ìdènà wọ̀nyí kúrò. Àjọ NELFUND ṣí ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹfà. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba owó ìtọ́jú ara tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 20,000 náírà lóṣù. Sísan án padà kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìn àgùnbánirọ̀.

Ètò yìí ti wà fún ọmọ yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ohun tí ó béèrè kò kéré lójú ìdílé tí kò mọ̀wé: nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà BVN àti àpamọ́ báńkì. Bí orúkọ inú ọ̀kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì, ìyọnu dé. Ọmọ Yorùbá tí ó ń jẹ́ orúkọ àbísọ nínú ìwé kan, tí ó ń jẹ́ orúkọ ìjọ nínú òmíràn, tí orúkọ bàbá rẹ̀ sì ń yí àmì àti lẹ́tà padà láti ìwé dé ìwé, mọ ohun tí gbólóhùn yìí túmọ̀ sí.

8. Ìròyìn Nìkan Kò Tó

Ẹnì kan lè sọ pé bí ìròyìn bá ti tàn kálẹ̀, ọ̀ràn parí. Ẹ̀rí kan láti Amẹ́ríkà tako èyí. Láti 1992 ni wọ́n ti ní fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo níbẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń béèrè ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé tálákà kò kọ ọ́. Àwọn olùwádìí kan, Bettinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dán nǹkan wò ní Ohio àti North Carolina, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Wọ́n sọ fún àwọn ìdílé kan nípa iye ìrànwọ́ tí ó tọ́ sí wọn, wọn kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jókòó ti àwọn mìíràn, wọ́n sì bá wọn kọ fọ́ọ̀mù náà. Láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n bá ìdílé wọn kọ ọ́, àwọn tí ó parí ọdún méjì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga láàárín ọdún mẹ́ta gòkè láti 28 sí 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí wọ́n kàn fún ní ìròyìn kò yàtọ̀ sí àwọn tí wọn kò sọ nǹkan kan fún. Ìpínlẹ̀ Louisiana tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún ọdún díẹ̀ láti 2018 pé kí ọmọ kọ fọ́ọ̀mù náà, tàbí kí òbí kọ̀wé pé àwọn kò fẹ́, kí ọmọ tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ohun tí katikíìsì Ẹlẹ́kùrọ́ ń ṣe láìkàwé nípa rẹ̀ ni ìwádìí yìí fi ìṣirò gbè lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe pé ó kéde. Ó lọ sí ilé, ó jókòó, ó sì kọ lẹ́tà.

Àwọn ohun tí olùkọ́ lè ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn lónìí kò nílò owó púpọ̀. Èkíní, kí ó yẹ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wò láti ọdún kìíní nínú girama àgbà, kí orúkọ inú ìwé ọjọ́ ìbí, ti ìdánimọ̀ àti ti ìdánwò bá ara wọn mu kí ó tó di ọ̀ràn. Èkejì, kí ó bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ti wá, kí ó sì ràn án lọ́wọ́ láti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní àkókò ìsinmi tí ìdílé bá lọ sílé. Ẹ̀kẹta, kí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó fi ń tọ́jú ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ń jáde àti ọjọ́ tí ó ń parí: ti ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù ìpínlẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀, ti àjọ PTDF, ti NELFUND. Ẹ̀kẹrin, kí ó pe òbí wá, kí ó sì ṣàlàyé lédè Yorùbá ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó tí wọ́n fúnni àti owó tí wọ́n yáni, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ sí gbèsè láìmọ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí ó kìlọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ NELFUND. Ẹni tí ó bá ń gba owó kí ó tó ṣe ọ̀nà, gbájúẹ̀ ni.

9. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí kò dá ìjọba láre. Ọdún tí owó kò tó pọ̀ ju ọdún tí ó tó lọ, ìmọ̀ kò sì lè pín ohun tí kò sí. Bọ́sárì tí ó pẹ́ títí akẹ́kọ̀ọ́ fi jáde kì í ṣe ẹ̀bi òbí tí kò béèrè. Ṣùgbọ́n ìtàn náà fi hàn pé ní ìgbà tí owó wà, yálà ti ìjọ, ti ẹgbẹ́, ti kòkó tàbí ti epo, kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ aláta. Ẹnì kan ni ó mú un dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí wà ní ipò méjì. Òun fúnra rẹ̀ ni ìkéde 2021 àti òfin 2024 ń bá wí, nítorí náà ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, yóò dúró níwájú ogójì ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan nínú wọn yóò sì jẹ́ ọmọ tí orí rẹ̀ pé, tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Bódìjà, tí kò sì mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí òun bi ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé abèèrè kì í ṣìnà. Fún ọmọ yẹn, olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ọ̀nà wà.